Oríta, Ẹmẹsẹ̀ àti Àrokò: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Rìn Lójú Ogun Kírìjì

Nígbà tí olóòtú ètò yìí bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn ológun ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí ọ̀tá kò fi ní í gbọ́, ó rò pé orí rédíò àti wáyà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá o. Mo ní oríta Ìwàràjà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá jáde ní Iléṣà, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kò ní í pẹ́ dé Ìwàràjà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ọ̀kan forí lé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó wọ inú Èkìtì lọ. Èkejì forí lé ìhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó ń lọ sí Àkúrẹ́. Awakọ̀ tí ó bá gbọ́ pé ọ̀nà kan kò dára kò ní láti padà sílé. Òmíràn ni yóò mú. N kò sọ pé Ìwàràjà ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì, nítorí àgbègbè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni ibùdó ogun wà. Ohun tí mo fẹ́ kí á fi oríta yìí kọ́ ni pé ìlú tí ó wà lóríta kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nítorí ọjà nìkan. Ìròyìn ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní ìgbà ogun ẹ̀wẹ̀, ìròyìn a máa níye lórí ju ọjà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi ń pe làálàá ọwọ́ àti ìhìn tí a fi rán ni. Iṣẹ́ ni méjèèjì. A ń ṣe iṣẹ́, a sì ń jẹ́ iṣẹ́. Bí a bá wo èyí dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba wa mọ̀ pé gbígbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn kì í ṣe ohun kékeré. Iṣẹ́ tí a bá rán lójú ogun ń fẹ́ ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ó dé. Èkejì, kí ẹni tí a rán an sí mọ̀ dájú pé ọwọ́ ẹni tí ó yẹ ni ó ti wá. Ẹ̀kẹta, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, kí ọ̀tá má lè tú u. Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀nà tí ó ń gbà bá dí, kí òmíràn ṣí kíákíá. Ohun mẹ́rin yìí ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn ológun ayé òní ń lé kiri. Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n wọn Kírìjì wò.

Agboorùn Ìbàdàn

Ogun tí à ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, nígbà tí Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá dojú ìjà kọ ara wọn. Ní 1878 Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn, àwọn ibùdó ogun náà kò sì tú pátápátá títí di 1893. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ti jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Iléṣà pàápàá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1870.

Báwo ni ìlú kan ṣe ń ṣàkóso àwọn ìlú tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Àjẹ́lẹ̀ ni. Ìbàdàn a máa fi àjẹ́lẹ̀ kan sínú ìlú tí ó bá ṣẹ́gun. Ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí ó ń bá a gbọ́ tirẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní baba kékeré. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àjẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, pé òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ a sì máa fi ìyà jẹ onílé nínú ilé onílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà: àjẹ́lẹ̀ ni ojú àti etí Ìbàdàn. Ohun tí ó bá rí ni ó ń ránṣẹ́ sí baba kékeré, baba kékeré ni yóò sì mú un dé iwájú àwọn ìjòyè yòókù.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ètò yìí wé agboorùn. Igi kan ṣoṣo ni ó wà láàárín, òun ni gbogbo irin tẹ́ẹ́rẹ́ yòókù so mọ́. Irin kan kò kan èkejì. Agboorùn wúlò púpọ̀, nítorí ọwọ́ kan ni ó ń ṣí i, tí ó sì ń pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ìbàdàn: àṣẹ a máa jáde kíákíá, ìròyìn a sì máa wọlé kíákíá. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí irin kan bá kán, apá ibẹ̀ di aṣọ lásán, bí igi àárín bá sì kán, kò sí agboorùn mọ́.

Ní 1878 Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn náà dìde sí àwọn àjẹ́lẹ̀ tiwọn. Àwọn òpìtàn a máa ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí ìbínú ọkùnrin tí a rẹ́ jẹ, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú ológun wò ó yóò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Láàárín àkókò díẹ̀, ojú Ìbàdàn ní ìlà-oòrùn fọ́. Ìlú tí ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ ní ilé ọba Èkìtì di ẹni tí ó ń bi èrò ọ̀nà léèrè. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn borí nínú ogun Jálumi ní ẹ̀bá Ìkirun, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun ọjọ́ kan kò tún okùn ìròyìn tí ó já so.

Àwọ̀n Èkìtì Parapọ̀

Ẹ wá wo apá kejì. Èkìtì kò ní ọba kan ṣoṣo tí ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ọwá Iléṣà kì í ṣe olórí Èkìtì. Ìlú tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn sì ti bá ara wọn jà rí. Nígbà tí wọ́n para pọ̀, tí Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà sì di olórí ogun wọn, kì í ṣe agboorùn ni wọ́n ṣe. Àwọ̀n apẹja ni. Nínú àwọ̀n, ojóko kọ̀ọ̀kan so mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí okùn kan bá já, ẹja kò tíì bọ́.

Ìlú kan lè ránṣẹ́ sí ìlú kejì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ibùdó ogun kọjá. Oúnjẹ, ọmọ ogun àti ìròyìn ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọ ibùdó. Ìwọ̀nba ọ̀nà ni ó kù fún Ìbàdàn ní tirẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wà láàárín rẹ̀ àti etíkun. Ìlọrin ń bá a jà ní ìhà Ọ̀fà. Ifẹ̀ náà sì dojú kọ ọ́ lẹ́yìn náà nítorí ọ̀ràn Modákẹ́kẹ́. Ogun yí i ká ní ọ̀nà márùn-ún. Ọta ìbọn tí Ìbàdàn yóò rà ní láti gba ọwọ́ ẹni tí ó ń bá a ṣọ̀tá kọjá.

Okùn kan wà nínú àwọ̀n Èkìtì Parapọ̀ tí ó gùn ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni ó dé Èkó. Ní 1872 ni Glover, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe ètò tí a fi ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn, èyí tí ó gba orí ọ̀sà dé Ayésàn, tí ó sì gba Oǹdó wọ òkè lọ. Ọ̀nà yìí kò gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú kọjá. Ní Èkó ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà, àwọn tí ó ti oko ẹrú dé láti Sàró àti Brazil. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn ránṣẹ́ sílé. Àwọn ìbọn tí à ń ki ọta sí nídìí ni wọ́n fi ránṣẹ́, irú èyí tí ó ń yìn léraléra ju ṣakabùlà lọ. Ìró àwọn ohun ìjà ńlá tí ń dún nínú àfonífojì ni wọ́n ní ó bí orúkọ náà, Kírìjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó gba ọ̀nà yìí. Ìròyìn gbà á pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní Èkó ń mọ ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rò àti ohun tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Ibùdó tí ó wà lórí òkè Ìmẹ̀sí ti rí ẹni tí yóò máa gbọ́rọ̀ fún un ní etíkun.

Ìlù, ẹ̀ka-èdè àti ọ̀pá

Ní ibi tí a dé yìí, olóòtú ètò bi mí pé, "Ọ̀mọ̀wé, ọ̀nà ni ẹ ti ń sọ láti àárọ̀. Kí ni ó ń gba orí ọ̀nà náà kọjá? Ṣé ìlù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ àṣírí?" Ìbéèrè náà dára, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó rò bẹ́ẹ̀.

Ìlù ń sọ̀rọ̀, kò sí àní-àní. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín tí ó wà nínú èdè wa ni ìyáàlù dùndún ń gbé jáde. Ìlù lè ki akọni kí orí rẹ̀ wú, ó sì lè pe ọmọ ogun jọ. Ṣùgbọ́n ìlù kì í pa àṣírí mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá tí etí rẹ̀ sì dára yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí, Yorùbá sì ni Ìbàdàn, Yorùbá ni Ìjẹ̀ṣà. Ìkéde ni ìlù wà fún.

Ẹ̀ka-èdè ńkọ́? Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì a máa pe ilé ní "ulé", wọ́n a sì máa pe iṣu ní "uṣu". Lóru, tí ojú kò bá rí ojú, irú fáwẹ̀lì kékeré bẹ́ẹ̀ lè sọ bóyá ara ilé ni ẹni tí ń bọ̀ tàbí àlejò. Nínú ohun mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀, ó wúlò fún èkejì, èyíinì ni mímọ ẹni. Kò wúlò fún ẹ̀kẹta. Ìbàdàn ti kó ẹrú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lọ sílé fún ọdún púpọ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n kó ti bímọ fún wọn. Ẹni tí yóò túmọ̀ kò wọ́n ní ibùdó Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti gbé láàárín àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn rí, ibẹ̀ ni ó ti mọ ọgbọ́n ogun wọn. Ọ̀tá méjì tí wọ́n mọ ara wọn tinútẹ̀yìn ni wọ́n dojú kọ ara wọn yìí.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti 1942, àwọn ológun Amẹ́ríkà fi àwọn ọmọ ẹ̀yà Navajo sídìí rédíò wọn ní òkun Pàsífíìkì. Wọ́n ń fi èdè ìbílẹ̀ wọn ránṣẹ́, wọ́n sì tún fi ẹnà sínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́ Navajo lásán kò lè tú u. Japáànì kò rí i tú. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ọmọ Navajo tí ó dàgbà nínú ilé Japáànì. Ní Kírìjì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà nínú ilé Ìbàdàn. Èdè kan náà tí ó jẹ́ odi níbì kan lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀ràn mímọ ẹni yìí ni àwọn ọba wa ṣe ètò fún jù lọ. Aláàfin ní àwọn ìlàrí, tí a ń mọ̀ nípa orí wọn tí a fá sí apá kan. Ọwá Iléṣà ní àwọn ẹmẹsẹ̀. Ìránṣẹ́ ọba a máa mú àmì dání, ọ̀pá tàbí ohun mìíràn tí ẹni tí a rán an sí mọ̀ mọ́ ọba náà. Iṣẹ́ tí a kò bá fi àmì jẹ́ kò yàtọ̀ sí àhesọ. Àwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ òde òní kì í gba ọ̀rọ̀ wọlé títí tí wọn yóò fi rí àmì pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ ni ó ti wá. Ọ̀pá ẹmẹsẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Àrokò àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ó wá ku àrokò. Ìránṣẹ́ lè gbé e láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀tá tilẹ̀ nà án, kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Èyí nìkan ti fi ìlọsíwájú ńlá hàn. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ di ènìyàn méjì.

Gollmer, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní ilẹ̀ wa, kọ àwọn àrokò tí ó mọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885, nígbà tí ogun Kírìjì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn ní Dàhómì ni ó fi ránṣẹ́ sí aya rẹ̀. Ó di òkúta, èédú, ata àti àgbàdo yíyan sínú àkísà. Òkúta ní ara òun ṣì le. Èédú ní ọ̀la òun dúdú. Ata ní ọkàn òun ń ta. Àgbàdo ní ìyà ti gbẹ òun bí ohun tí iná yan. Àkísà ní ìyẹn ni aṣọ tí ó kù sí òun lára. Ẹni tí ó bá já a gbà lọ́nà kò rí ju ìdọ̀tí ìdáná lọ. Aya tí ó mọ ọkọ rẹ̀ ni ó rí lẹ́tà.

Owó ẹyọ ni a mọ̀ jù nínú àrokò. Bí ẹyọ méjì bá kọjú sí ara wọn, ìfẹ́ àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìyapa ni. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí ẹ̀fà àti fífà jọ ní ìró. Ẹyọ mẹ́jọ ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè, inú mi a máa dùn sí irú nǹkan báyìí, nítorí ó fi hàn pé àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ tí ń fi ìró sin ohun tí a lè fojú rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi òtítọ́ inú yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé àṣírí ni?

Ní 1883, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Kerckhoffs, olùkọ́ èdè bíi tèmi, ọmọ Họ́láńdì tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ológun. Ó ní kí ológun tètè gbà pé ọ̀tá ti mọ ọ̀nà tí òun fi ń di ọ̀rọ̀. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ pamọ́ ni kọ́kọ́rọ́ kékeré tí ó wà láàárín ẹni tí ń ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á, kọ́kọ́rọ́ tí a lè yí padà nígbàkígbà. Títí di òní, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àṣírí kò tíì kúrò lórí òfin yìí.

Bí a bá fi òfin náà wọn àrokò, a ó rí i pé oríṣi méjì ni. Àrokò ẹyọ mẹ́fà, gbogbo Yorùbá ni ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí Ìjẹ̀ṣà bá fi ránṣẹ́ tí Ìbàdàn gbà á lọ́nà, ó ti kà á tán. Ṣùgbọ́n àrokò tí ènìyàn méjì bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, irú èyí tí aya ìgbèkùn nì gbà, ti bá òfin Kerckhoffs mu. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun tí a dì sínú aṣọ ni ó ń pa àṣírí mọ́. Àjọmọ̀ tí ó wà ṣáájú kí a tó di ẹrù ni. Ẹni méjì tí kò bá ti fọkàn tán ara wọn kò lè ní kọ́kọ́rọ́ kan.

A ti rí ohun tí ó so Èkìtì Parapọ̀ pọ̀. Àwọ̀n kò ní igi àárín. Ìfọkàntánni ni okùn rẹ̀. Ìtàn Dàhómì àti Ẹ̀gbá jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Dàhómì gbógun wá sí Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n gba ìlú Ìṣàgá kọjá, wọ́n sì fi wọ́n ṣe amọ̀nà. Àwọn ará Ìṣàgá darí wọn sí apá ibi tí odi ti le, wọ́n sì ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí Ẹ̀gbá. Dàhómì fìdí rẹmi. Ní 1862 Dàhómì padà wá, ó sì run Ìṣàgá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ ni ó gba Abẹ́òkúta là, òun náà ni ó sì pa àwọn tí ó jẹ́ ẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọpọlọ lásán ni ọ̀rọ̀ àṣírí ogun.

Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí. Ogun náà di àjàìdábọ̀. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ní 1885. Apá kan kò lè lé apá kejì, kò sì sí èyí tí ó lè kọ́kọ́ ká ohun ìjà rẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n nílò ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín wọn. Ní 1881 Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n bá òun parí ìjà. Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, kó ipa pàtàkì nínú ọ̀ràn náà. Ní 1886 Gómìnà Moloney fi Johnson àti Charles Phillips ránṣẹ́, wọ́n ń lọ láti ibùdó kan sí èkejì pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a kéde àlàáfíà fún Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun tí ó yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ọba dé ọ̀dọ̀ ọba, ẹmẹsẹ̀ ni ó ń gbé e. Báyìí, ìwé ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó sọ ọ́. Èkó ni ó sì gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà ní òkèèrè réré. Ọdún 1886 kan náà ni wáyà tẹligíráàfù tí ó gba abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà, ohun tí Ògèdèǹgbé bá sọ lórí òkè lè dé etí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí ó bá ti dé Èkó. Ṣùgbọ́n kò sí okùn kankan tí ó mú ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ń wí wá fún Ògèdèǹgbé.

Èkó ti di oríta. Àwọn tí ó ni oríta náà ni wọ́n wá tú ibùdó ká ní 1893, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè wá. Ní ọdún kan náà Ìbàdàn bọ́ sábẹ́ àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1894 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Ògèdèǹgbé pàápàá. Àwọ̀n tí agboorùn Ìbàdàn kò lè borí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tí ó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ ni ó ká a. N kò bá Johnson àti Phillips wí. Àlàáfíà ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni wọ́n sì gbà là. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé àwọn méjèèjì tí ń jà kò ní ìránṣẹ́ tí ó jẹ́ tiwọn nìkan mọ́.

Títí dé òní

Olóòtú ètò tún bi mí pé, "Kí ni èyí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní?" Ó kàn wọ́n gan-an. Láti nǹkan bí 1973 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń dán rédíò kan wò fún àwọn ológun. Rédíò yìí a máa gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, a sì máa fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ rédíò kan sí òmíràn títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, tàbí tí ọkọ̀ tí ó gbé e bá ṣí kúrò, àwọn yòókù yóò wá ọ̀nà mìíràn fúnra wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Èkìtì Parapọ̀, ẹ mọ̀ pé àwọ̀n ni wọ́n ń hun.

Àwa ńkọ́? Tẹlifóònù alágbèéká tí ó dé Nàìjíríà ní 2001, agboorùn ni. Ní 2012 àwọn Bókò Háráámù dáná sun àwọn òpó tẹlifóònù ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ní 2013, nígbà tí ìjọba kéde ìgbà pàjáwìrì, wọ́n pa tẹlifóònù ní Bọ̀rnó, Yòbè àti Adámáwá kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ má baà lè bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 2021 wọ́n tún pa á ní Zamfara. Ó ṣeé ṣe kí ó dá ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìyá tí àwọn agbébọn ká mọ́lé lóru kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀tá gé igi agboorùn, ìjọba náà tún gé e, orí ará ìlú ni òjò sì pa. Sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní, Ṣáínà ni ó kọ́ ọ tí ó sì gbé e lọ sókè ní 2007. Ó bàjẹ́ ní 2008, wọ́n sì gbé òmíràn lọ ní 2011. Okùn náà jẹ́ tiwa lórúkọ. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń hun ún ṣì wà ní ọ̀nà jíjìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kírìjì, ẹ má ṣe dúró sórí ìbọn àti akọni nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó ń gbé ọ̀rọ̀? Ọ̀nà mélòó ni ó ní? Ta ni ó ni oríta? Kí wọ́n tún bi àwọn àgbà ilé wọn nípa àrokò tí ìdílé wọn mọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn àgbà náà tó lọ. Ẹni tí ó bá kọjá ní Ìwàràjà lọ́la, tí ó rí i bí ọ̀nà ṣe yà, kí ó rántí pé àwọn baba wa mọ ìwúlò oríta. Ohun tí wọn kò tètè mọ̀ ni pé ẹni tí a bá fi oríta lé lọ́wọ́ lè di onílé.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí á rán ẹni tí yóò fi iṣẹ́ wa ṣe tirẹ̀.